Mo Ní Dókítà Ní Kí Ẹ̀gbọ́n Mi Ṣì Máa Sinmi

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ kú ìjókòó. Ó ti rẹ̀ mí. Kì í ṣe ti iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún mi lọ́dún yìí ni mò ń wí, ìyẹn ti san. Ọ̀rọ̀ kan ló wà nínú mi tí mo ti ń gbé kiri láti bí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Mi ò lè gbé e mọ́.

Mo purọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi. Irọ́ náà kò gùn, gbólóhùn kan ni. Àmọ́ ó lé e kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀, ó sì tún ṣe ohun mìíràn tó burú ju ìyẹn lọ. Màá sọ ọ́ bí mo bá débẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ báyìí ni pé ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ máa lọ sí ọsibítù tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwa méjèèjì. Ó ní òun máa bi wọ́n ní ìbéèrè kan níbẹ̀. Bó bá bi wọ́n, àṣírí mi tú nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Mi ò mọ ìwé kọ púpọ̀, aṣọ ni mo mọ̀ ọ́n rán.

Ìyá kan náà, bàbá kan náà ló bí wa. Ìmẹ̀kọ ni ilé wa, àmọ́ Ayétòrò ni ẹ̀gbọ́n mi bá ọkọ lọ, ibẹ̀ ló sì ṣí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ sí. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní Màmá Wàsíù, mo ti yí orúkọ ọmọ náà padà. Nígbà tí ìgbéyàwó tèmi tú, tí mo kó àwọn ọmọ mi dé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo gbà lọ. Kò bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó fún wa ní yàrá kan, ó ní kí n wá máa jókòó ti òun ní ṣọ́ọ̀bù. Òun ló kọ́ mi ní iṣẹ́ yìí, láti orí bí wọ́n ṣe ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Nígbà tí mo ṣe fírídọ́ọ̀mù, òun náà ló pa adìyẹ, òun ló pe àwọn ènìyàn.

Mi ò kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà. A jọ ń ránṣọ ni. Àmọ́ bí oníbàárà bá wọlé, tí mo dìde, wọ́n á ní, "Ọ̀gá ńkọ́?" Bí mo bá wọn ara wọn tán, wọ́n á ní, "Jọ̀ọ́, jẹ́ kí ọ̀gá fọwọ́ ara wọn gé e." Mi ò bínú. Àbí kí n kúkú sọ pé mo rò pé mi ò bínú. Mò ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ ibi tí nǹkan ti wọ inú mi ni. Kì í ṣe pé mò ń wá àwáwí.

Ẹ̀jẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu. Nǹkan oṣù rẹ̀ á dé, kò ní lọ bọ̀rọ̀. Ó máa ń ró ìró méjì léra wá sí ṣọ́ọ̀bù, nígbà míì a ó rí i tó fi orí lé máṣíìnì, òógùn á sì bò ó. Ó dákú níwájú oníbàárà lọ́jọ́ kan. Ọkọ rẹ̀ gbé e lọ sí ọsibítù kan ní Ìlaró. Wọ́n ní kókó ti kún inú ilé ọmọ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ sì ti ń tán lọ, pé àfi kí àwọn yọ ilé ọmọ náà. Ó ti bímọ márùn-ún. Ó ní, "Ó ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀ tán, kó máa lọ." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, títí kan dókítà.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Èmi ni mo bá a sùn ní ọsibítù. Kí wọ́n tó dá wa sílẹ̀, nọ́ọ̀sì kan jókòó tì wá, ó ṣàlàyé. Kó má pọn omi, kó má gún nǹkan, kó má jókòó sídìí máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀, kó máa rìn díẹ̀díẹ̀ nínú ilé kí ẹ̀jẹ̀ lè máa yí. Ó ní ọgbẹ́ tí à ń rí lóde máa tètè jinná, àmọ́ ti inú ló ń pẹ́. Ó ní tó bá di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí a padà wá kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ràn. Ó ní kí n di ṣọ́ọ̀bù mú.

Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ń dá wà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rù ń bà mí. Lẹ́yìn náà mo gé aṣọ kan fún ìyá kan tó ní ilé ìwé aládàáni ládùúgbò wa. Ó wọ̀ ọ́, ó yí níwájú dígí, ó ní, "Màdámù, ẹ mà mọ̀ ọ́n gé ju bí mo ṣe rò lọ." Màdámù. Kò sí ẹni tó pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní kí n wá gba iṣẹ́ yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ ilé ìwé òun. Èmi ló gbé e fún, kò béèrè ọ̀gá. Àwọn ọmọ iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi.

Inú mi dùn nígbà yẹn. Mò ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́. Mò ń se oúnjẹ ẹ̀gbọ́n mi, mò ń fọ aṣọ rẹ̀, mò ń pọn omi tó máa fi wẹ̀, kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mi ò fẹ́ràn rẹ̀.

Nígbà tí àkókò tó, a padà lọ sí Ìlaró. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó ń san dáadáa. Àmọ́ wọ́n ti mú lára ohun tí wọ́n yọ lọ fún àyẹ̀wò, èsì rẹ̀ kò sì tíì dé. Ó ní bó bá dé, àwọn máa pè, àwọn á sọ èsì náà, àwọn á sì sọ ìgbà tó lè padà sídìí iṣẹ́. Nọ́ńbà fóònù tèmi ni a fi sílẹ̀, torí tẹ̀gbọ́n mi ti já sómi.

Ṣọ́ọ̀bù ni mo wà nígbà tí wọ́n pè. Òkìtì aṣọ yúnífọ́ọ̀mù wà níwájú mi. Nọ́ọ̀sì náà ní èsì ti dé, kò sí ohun búburú kankan níbẹ̀, kí a dúpẹ́. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kó rọra bẹ̀rẹ̀, kó kọ́kọ́ máa ṣe é láàárọ̀ nìkan, kó máa dìde nàró lóòrèkóòrè, kó má tíì gbé ohun tó wúwo. Bó bá rí ẹ̀jẹ̀, tàbí tí inú bá ń dùn ún, kó tètè wá. Ó ní kí n bá àwọn kí i.

Mo sunkún ayọ̀, torí ẹ̀rù jẹjẹrẹ ti ń bà mí láti ìgbà tí wọ́n ti dárúkọ àyẹ̀wò. Mo ti fẹ́ pa iṣẹ́ tì kí n sáré lọ sílé. Ìgbà náà ni ìyá onílé-ìwé yẹn wọlé pẹ̀lú olùkọ́ méjì. Ó ní, "Ẹ wò ó, Màdámù tí mò ń sọ fún yín nìyí." Mo wọn ara wọn. Nígbà tí mo wá ń lọ sílé, ìrìn mi ti falẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́yìnkùlé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní, "Ṣé wọ́n ti pè?"

Mo ní wọ́n ti pè, pé èsì dára, kò sí jẹjẹrẹ. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run títí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Iṣẹ́ ńkọ́? Ìgbà wo ni wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀?"

Mo ní, "Dókítà ní kí ẹ ṣì máa sinmi. Wọ́n ní iṣẹ́ máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ kò tíì yá."

"Títí di ìgbà wo?"

"Wọ́n ní àwọn máa pè."

Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Mi ò rò ó tẹ́lẹ̀. Ohun tí mo wá rò lẹ́yìn náà ni pé fún ìgbà díẹ̀ péré ni, kí n lè parí yúnífọ́ọ̀mù náà, kí àwọn ènìyàn lè mọ̀ mí, lẹ́yìn náà màá wá sọ pé wọ́n ti pè. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti pè kò ní ohun tí wọ́n tún ń pè fún. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó, ó ń retí ìpè tí kò ní wá.

Nígbà tó yá, ó ní kí a lọ béèrè. Mo ní mo ti pè wọ́n, wọ́n ní kó ṣe sùúrù. Ó ní kí òun máa kan bọ́tìnì nílé nígbà náà. Mo ní wọ́n ní ìjókòó pípẹ́ kò dára. Bí mo bá ti sọ ọ̀kan, òmíràn á tẹ̀ lé e, kò sì le mọ́ lẹ́nu mi.

Àwọn ará àdúgbò bá mi ti irọ́ náà lẹ́yìn láìmọ̀. Wọ́n ní obìnrin tí wọ́n bá yọ ilé ọmọ rẹ̀, inú rẹ̀ ti ṣófo, kò lè ṣe iṣẹ́ agbára mọ́ títí ayé. Wọ́n ní bó bá wa máṣíìnì, ìfun rẹ̀ á já wálẹ̀. Wọ́n ń sọ ọ́ lójú rẹ̀, bí ẹni tó ń báni kẹ́dùn. Mo mọ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ. Mo dákẹ́.

Ibi tó wúwo jù nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi.

Màmá wa dùbúlẹ̀ àìsàn ní Ìmẹ̀kọ. Nígbà náà, iṣẹ́ abẹ ẹ̀gbọ́n mi ti tó oṣù márùn-ún. Òun ni àkọ́bí, òun ni Màmá sì ń pè. Ó ti di aṣọ sínú báàgì, ó ti wé gèlè. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Kí lo rò? Ṣé kò ní lòdì sí ohun tí dókítà wí?"

Ẹ wo ìbéèrè tó bi mí. Ẹni tó bá lè jókòó sínú ọkọ̀ dé Ìmẹ̀kọ lójú ọ̀nà tó rí bó ṣe rí nígbà yẹn, ó lè jókòó sídìí máṣíìnì. Bí mo bá ní kó lọ, á lọ, á bọ̀, á ní, "Ṣé o rí i, kò ṣe mí ní nǹkan kan." Á sì wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì. Mo ro gbogbo ìyẹn kí n tó la ẹnu. Mo rò ó, ojú mi sì là. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè sọ pé èṣù ló ṣe é.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ á gbọ̀n yín jù lójú ọ̀nà yẹn. Ẹ jẹ́ kí n pe dókítà." Mo jáde síta, mo gbé fóònù sétí. Mi ò pe ẹnì kankan. Mo dúró díẹ̀, mo padà wọlé. Mo ní wọ́n ní rárá.

Ó jókòó lórí ibùsùn, ó ń yọ aṣọ inú báàgì náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èmi ni mo lọ. Bí mo ṣe wọlé, Màmá wo ẹ̀yìn mi, bóyá ẹnì kan tẹ̀ lé mi. Ó ní, "Ìyá Wàsíù ńkọ́? Ṣé kò lè wá ni, àbí kò fẹ́ wá?" Mo ní dókítà ni kò jẹ́ kí wọ́n wá. Màmá yí ojú sí ògiri. Ó tún bi mí lọ́jọ́ kejì bí ẹni pé mi ò dáhùn rí, mo sì tún sọ ohun kan náà. Mo gbìyànjú kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìmẹ̀kọ mọ bó ṣe rí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì òdìkejì ẹnubodè ló ń gbà, obìnrin kan á sì máa fi Faransé dá wa lóhùn. Màmá ní, "Ta nìyẹn?" Mo ní kì í ṣe ẹnì kankan.

Màmá kú láìrí i. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà gan-an, bí ẹ̀sìn wa ṣe wí. Ẹ̀gbọ́n mi kò sí níbẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé, ohun kan ṣoṣo ló bi mí. Ó ní, "Ṣé Màmá mọ̀ pé dókítà ni kò jẹ́ kí n wá?"

Mo ní, "Mo sọ fún wọn. Wọ́n mọ̀. Wọ́n ní kò dun àwọn. Wọ́n ní kí Ọlọ́run fún yín ní àlàáfíà."

Màmá kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti sọ ohun tó ṣe fún yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi kò béèrè ìpè dókítà mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ẹni tó ru àwo ẹyin. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ, ẹ̀yìn sì ń dùn ún torí ìjókòó. Bó bá ti dùn ún, á ní, "Ṣé ìwọ náà rí i, ara mi kò tíì pé." Nígbà tó lé ní ọdún kan, ó pe èmi àti ọkọ rẹ̀ jókòó, ó ní òun ti fún mi ní ṣọ́ọ̀bù, kí n lọ kọ orúkọ mi sára bọ́ọ̀dù. Ó ní iṣẹ́ kò gbọdọ̀ bàjẹ́ nítorí pé òun bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ tó lò nìyẹn. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ṣàdúrà. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, mò ń ṣe àmín.

Ẹ máa rò pé mo gbádùn ṣọ́ọ̀bù náà. Mo gbádùn rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àmọ́ lójoojúmọ́ tí mo bá ń lọ, mo máa ń kọjá níwájú rẹ̀ níbi tó jókòó sí lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Á ní, "Ọlọ́run á ṣọ́ ọ, àbúrò mi." Bí mo bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, ibẹ̀ ni màá tún bá a. Mo wá ń gba ẹ̀yìn ilé lọ. Ọdún mẹ́fà ló ti ń rẹ̀ mí báyìí, kì í ṣe iṣẹ́ ló ń rẹ̀ mí.

Lọ́dún yìí, ẹ̀jẹ̀ tèmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Ọsibítù kan náà, kókó kan náà. Wọ́n ní àfi kí àwọn yọ ilé ọmọ. Ẹ̀gbọ́n mi di etí bẹ́ẹ̀dì mi mú, ó ní, "Ṣé o mọ̀ pé ibi tí iṣẹ́ ẹ parí sí nìyẹn? Wo bí mo ṣe dà." Mo yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo rántí pé bí Màmá ṣe ṣe nìyẹn.

Wọ́n ṣe é, mo délé. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń tọ́jú mi. Ẹni tó ń rìn bí ẹni tó ru àwo ẹyin, bí mo ṣe délé ló gbé korobá omi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra." Ó ní, "Ta ló fẹ́ gbé e? Ìwọ?" Ó ń se ẹ̀kọ, ó ń fọ aṣọ, ó ń nù mí lára. Láàárín ìgbà díẹ̀, mi ò gbọ́ kó sọ̀rọ̀ ẹ̀yìn tó ń dùn ún mọ́.

Ìgbà tí àwọn ọmọ fẹ́ wọlé ìwé bọ́ sí i. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi lè rán, wọn ò mọ̀ ọ́n gé. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun kàn máa lọ jókòó wò wọ́n. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó jókòó lóòótọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó ní ọmọ kan fẹ́ ba aṣọ jẹ́ ni òun ṣe gba àlùmágàjí lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí ọ̀kan nínú wọn wá kí mi nílé, ó ní, "Màdámù, ẹ wá wo Màmá Wàsíù lórí máṣíìnì. Ẹsẹ̀ wọn kò dúró." Ó ń sọ ọ́ bí ìròyìn ayọ̀. Mo ní kó bá mi bu omi wá.

Àwọn oníbàárà àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Ẹ̀gbọ́n mi á dé nírọ̀lẹ́, òwú á lẹ̀ mọ́ ìró rẹ̀, á jẹun bí ẹni tó ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, ó ń fi òróró pa ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àbúrò mi, ẹsẹ̀ yìí náà ni mo gbé jókòó láti ọjọ́ yìí? Kí ló wà nínú ara tèmi nígbà náà tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ìwọ rèé, ọ̀sẹ̀ mélòó kan, o ti ń rìn kiri."

Mo ní mi ò mọ̀.

Nígbà tí ọjọ́ àyẹ̀wò mi pé, èmi nìkan ni mo lọ, torí ó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Dókítà ní mo ti san, kí n rọra bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, láàárọ̀ nìkan ná, kí n má gbé ohun tó wúwo. Ó ní kí n tún padà wá lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo sunkún nínú ọkọ̀ láti Ìlaró. Ẹni tó jókòó tì mí rò pé ìròyìn búburú ni mo gbà.

Ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé kí ni wọ́n wí. Mo ní, "Wọ́n ní kí n ṣì máa sinmi."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbìyànjú kí ọ̀rọ̀ mi yé yín. Mi ò fẹ́ kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Mo mọ̀ pé bí mo bá ti wọlé, á dìde fún mi, á ní tèmi ni. Mo rò pé bí mo bá ń jókòó lọ báyìí, ṣọ́ọ̀bù á padà di tirẹ̀ láìjẹ́ pé mo sọ ohunkóhun. Mo rò pé mò ń tún un ṣe ni.

Ojú rẹ̀ fà ro. Ó ní, "Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún èmi náà nìyẹn." Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbààwẹ̀ nítorí mi, lọ́jọ́ Mọ́ńdè àti lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, tó sì ń wa máṣíìnì pẹ̀lú ebi nínú. Èmi wà nílé, mo ti san, mò ń wo òrùlé. Mo ti wá mọ bí ìjókòó ṣe rí fún ẹni tí ara rẹ̀ le. Ìyà tí mo jẹ níbẹ̀, oṣù kan péré ni. Mò ń rò ti ọdún mẹ́fà tirẹ̀.

Ó wá ní òun máa tẹ̀ lé mi lọ sí ọsibítù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ní, "Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n gbàgbé ẹ bí wọ́n ṣe gbàgbé mi. Mo fẹ́ bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò pè mí títí dòní." Kò bínú sọ ọ́. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Mo gbìyànjú láti sọ fún un ní Jímọ́ọ̀ tó kọjá. Ó ti mọ́sálásí dé, ó jókòó tì mí, ó bọ́ ìborùn rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ kan wà, nípa ìgbà tí Màmá ń ṣàìsàn."

Ó ní, "Ìwọ náà ń rántí wọn? Ojoojúmọ́ ni mò ń rántí wọn. Bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n rán sí mi nípasẹ̀ rẹ, mi ò mọ bí ǹ bá ṣe wà. Pé kò dun àwọn. Pé kí Ọlọ́run fún mi ní àlàáfíà. Òun ni mò ń sọ sí ara mi bí mi ò bá rí oorun sùn." Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Kí lo fẹ́ sọ?"

Mo ní mi ò rántí mọ́.

Mo ti pinnu pé kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì. Màá sọ fún un kí a tó wọ ọkọ̀ Ìlaró. Ti ìpè tí wọ́n ti pè, màá sọ. Ti fóònù tí mo gbé sétí tí mi ò pe ẹnì kankan, màá sọ. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, màá kúrò níbẹ̀, bó bá sì ní kí n kúrò nínú ilé rẹ̀, màá kúrò. Mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀bẹ̀ yẹn, èmi ni kí n bẹ̀ ẹ́.

Ohun tí mi ò mọ̀ ni ti Màmá. Ọ̀rọ̀ tí mo fi sí Màmá lẹ́nu kì í ṣe òótọ́, àmọ́ òun ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń sùn. Bí mo bá sọ gbogbo rẹ̀, mo gba ìyẹn náà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ti gbà. Bí mo bá sì fi pamọ́, mo tún ń purọ́ fún un lọ́jọ́ tí mo ní mò ń jẹ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti sin ìyá yín, ẹ̀yin tí ẹ kò sí nílé nígbà tí ó kú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ máa fẹ́ mọ̀ pé ó yí ojú sí ògiri?